Mo Fi Ẹnu Ara Mi Pa Ọ̀rẹ́ Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ bò mí láṣìírí. Mo sọ fún ọkọ mi pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ṣoṣo ti kú, nígbà tí ọkùnrin náà wà láàyè, tó ń jẹ, tó ń mu. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Pásítọ̀ wa ò mọ̀, àwọn ọmọ mi ò mọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ.

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ọkọ mi jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ la jọ ṣe ká tó fẹ̀yìntì, Festac la sì ń gbé láti ìgbà táwọn ọmọ ti wà ní kékeré. Àyà ọkọ mi kì í gba ọyẹ́ rárá. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku àwọn tírélà Mile 2 bá pàdé èéfín jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Dókítà ló ní ká máa gbé e lọ síbi tí atẹ́gùn bá ti rọ̀ díẹ̀. Bá a ṣe rí abúlé kan nìyẹn létí òkun, lọ́nà Àgbádárìgì, ibi tí wọ́n ti ń gbin àgbọn àti ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ sórí iyanrìn. Ọdún mẹ́fà gbáko, tí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, a ó di ẹrù, a ó ti ilé pa, ó di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ká tó padà. Àgbẹ̀ ni bàbá tó ni ilé tá à ń gbé níbẹ̀, ẹ jẹ́ n máa pè é ní Alágbọn. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ kéré sí ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè é.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o... mo jowú ọkùnrin yẹn ni. Ọkọ mi tó jẹ́ pé ní Festac níbí, tó bá ti jẹun àárọ̀ tán, ìwé ìròyìn ni, tẹlifíṣọ̀n ni, tí mo bá bá a sọ̀rọ̀ á ní hùn, ọkọ mi yẹn kan náà, tó bá ti dé etí òkun báyìí, á di ọmọdé. Á wọ ṣòkòtò penpe, á bá Alágbọn bomi rin ẹ̀fọ́, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi títí oòrùn á fi wọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín kèékèé lórí ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ ìdí ẹ̀. Èmi á wà nídìí kànga, mò ń fa omi, orúnkún ń dùn mí. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti wà nílé ọkùnrin yìí, mi ò pa á lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé kò yẹ kó dun èèyàn ni? Ó dùn mí gan-an, mi ò sì sọ fún un.

Nígbà tí ọyẹ́ èṣí ń bọ̀, mo ní mi ò lọ mọ́. Mo fi orúnkún ṣe àwáwí, mo fi ọmọ tí ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní Amúwo ṣe àwáwí. Mo rò pé á ní ká jọ jókòó sílé ni... Ó ní kò burú, kí n dúró ti ọmọ, òun á dá lọ. Wẹ́rẹ́ báyìí ló sọ ọ́, kò tiẹ̀ wò mí lójú, ẹrù ló ń dì. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ṣé ẹ mọ bó ṣe rí lára mi? Ọjọ́ kejì mo jáde sí bálíkónì, mo gbé fóònù sétí bí ẹni ń gba ìpè, mo wọlé padà, mo ní wọ́n pè láti abúlé, Alágbọn ti kú, wọ́n á sin ín ní Sátidé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọkọ mi kì í fi àṣà ṣeré, àgbà kì í lọ síbi òkú àbúrò, kò ní fẹ́ fojú kan sàréè ẹni tó kéré sí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, mi ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá ẹ̀ kú. Nígbà tí Sátidé pé, ó ní kí n lọ ṣojú òun, ó mú fìlà òfì tó fẹ́ràn jù fún mi, ó ní kí n bá òun fi sínú pósí àbúrò òun. Mo wọ aṣọ dúdú, mo gba ilé ọmọ mi lọ ní Amúwo, mo gbé ọmọ jó títí di ìrọ̀lẹ́, mo padà wálé. Abẹ́ àpótí mi ni fìlà yẹn wà títí di òní.

Irọ́ kan ló ń bí òmíràn. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo ti bá a kí àwọn ọmọ olóòókú, kó má wulẹ̀ pè wọ́n, mo sì block nọ́ńbà Alágbọn àti tàwọn ará ilé ẹ̀ lórí fóònù ọkọ mi. Nígbà tó pe tèmi, mo ní rọpá-rọsẹ̀ ló kọlu ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, dókítà ní kò gbọdọ̀ gba àlejò. Ọkùnrin yẹn bú sẹ́kún lórí fóònù. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ẹja yíyan àti àgbọn rán awakọ̀ sí mi ní Mile 2, kí n fi ṣètọ́jú ẹ̀gbọ́n òun. Mo ń lọ gbà á, mo ń sè é, mo ń sọ pé ọjà ni mo ti rà á. Ọkọ mi jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní ẹja yìí jọ ti àbúrò òun... mo sáré wọ kíṣìnnì. Ṣé ẹ rí i, mo ti rí ohun tí mò ń wá, ọkọ mi wà nílé pẹ̀lú mi lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í wò mí, kì í wo tẹlifíṣọ̀n pàápàá mọ́, ògiri ló ń wò. Gbogbo ọyẹ́ èṣí, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu ló gbà á là.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin Alágbọn pè mí. Ó ní bàbá òun ti kú, lótìítọ́ báyìí o. Ó lọ sóko láàárọ̀, ó ní àárẹ̀ mú òun, kò rí alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní láti èṣí ni bàbá òun ti ń gbá yàrá wa, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé inú ẹ̀, ó ní ara ẹ̀gbọ́n òun á yá, wọ́n á sì wá lo ọyẹ́. Wọ́n ti sin ín. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń bi ara mi pé ṣé ẹnu mi ló pa á ni?

Èyí tó wá gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọkọ mi fúnra ẹ̀ jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ohun tí kò ṣe láti ọdún tó kọjá. Ó ní òun ti rò ó títí, òun ò ka àṣà sí mọ́, òun fẹ́ lọ dúró nídìí sàréè àbúrò òun kí òun bẹ̀ ẹ́ pé òun ò wá sin ín. Ó ti bá àkọ́bí wa sọ̀rọ̀, ọmọ náà ló máa wa mọ́tò gbé wa lọ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ilẹ̀ sàréè yẹn ò tíì gbẹ. Ẹ gbà mí o. Ṣé kí n jẹ́wọ́ kó tó wọ mọ́tò, àbí kí n máa wò ó títí yóò fi fojú ara ẹ̀ rí i? Tí mo bá jẹ́wọ́, á mọ̀ pé gbogbo ìgbà tó ń sunkún, ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà láyé tó ń retí ẹ̀, ọ̀nà ò sì jìn. Ẹni tó ti ṣọ̀fọ̀ ọdún kan, ẹnu wo ni màá fi sọ fún un pé ọ̀fọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni?