Eyín Purity Tí Kò Hù

Agbo-ilé Ògúnníyì,
Ayétòrò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 2024.

Lábísí, àbúrò mi àtàtà,

Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé bàbá àwọn ọmọ ti ń jẹun? Ṣé màlúù ò tíì jẹ ẹ̀gẹ́ yín tán ní Ìdógò? Àlàáfíà la wà, àfi ọ̀rọ̀ ẹnu Purity, ọmọ Kòkúmọ́ mi. Tolúlọpẹ́ ló ń bá mi kọ èyí. Mo ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

O mọ̀ pé ètè ọmọ náà là títí dé àjà ẹnu nígbà tí wọ́n bí i, kí wọ́n tó rán an. Lọ́dún tó kọjá, eyín àkọ́hù rẹ̀ kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá náà. Mo wà lóko. Fẹ́yìsetán, ìyá rẹ̀, ló ní òun bá a jù ú sórí òrùlé. Títí di òní, òmíràn kò hù níbẹ̀. Èyí tó hù, inú àjà ẹnu ló gbà yọ bí olè tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Kí ni kí n rò? Bí kì í bá ṣe alángbá ló rí eyín yẹn tí òmíràn ò fi hù, a jẹ́ pé ìyá ọmọ ò jù ú rárá. Mo bi í. Ó ní, “Màmá, ṣé mo fi eyín ọmọ mi se ọbẹ̀ ni?” Ẹni tí kò ṣe nǹkan kì í bínú tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

A gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín l'Abẹ́òkúta. Ó ya àwòrán egungun ẹnu rẹ̀, ó ní eyín kankan ò sí níbẹ̀ tí ì bá hù. Pé láti inú oyún ni: ibi tí ètè bá ti là, eyín lè má hù, ó sì lè ṣìnà. Mo bi í pé ta ló bá a dé inú oyún. Ó rẹ́rìn-ín. N ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn. Ó tún ní èrìgì náà ṣófo, òun fẹ́ bu egungun níbàdí ọmọ fi dí i, kí eyín tó kàn lè ríbi dúró sí. Ìbàdí ọmọbìnrin! Mo ní rárá. Kòkúmọ́ ò jẹ́ ta kò mí.

Lánàá ni tíṣà Purity wá, ó ní ọmọ kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mọ́, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu. Mo pe Purity, mo ní kó dárúkọ àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Màmá àgbà, kò sẹ́nì kankan. Alángbá ló pọ̀ lára ògiri wa. Ẹ̀yin lẹ ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kó rí ibi tí eyín mi ti yọ, kí òmíràn lè hù.”

Lábísí, láti ọdún tó kọjá!

Mo ti ní kí wọ́n lọ ṣe é ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. N ò tíì gba dókítà yẹn gbọ́ o. N ó wo ìbàdí ọmọ náà kí wọ́n tó gbé e wọlé, n ó sì tún wò ó bí wọ́n bá gbé e jáde. Wá bá mi ṣọ́ ewúrẹ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o kí Husain ọmọ rẹ àti ìyàwó rẹ̀. Fẹ́yìsetán ní kí n má bá àwọn lọ. N ó lọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Kòkúmọ́.