Ọwọ́ Tí Mo Máa Ń Gbé Sókè

Ẹ̀gbọ́n Ratmi, ẹ kú ètò àárọ̀ orí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Jogja láti erékùṣù Flores, ní Indonesia níbí, ni mí.

Láràárọ̀, mo máa ń jókòó sí ìkángun búkà Ìyá Sumi. Màá rọra tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lára ìrẹsì mi kí ooru rẹ̀ lè kàn mí lójú, màá wá ki íápíìsì bọ etí. Orin kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́, orin odò tó gbàgbé ọ̀nà òkun. Orí fóònù ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi, láìsí orúkọ olórin. Tó bá ń lọ, á dà bíi pé ilé wa ń wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ wá bá mi.

Bàbá onígìtá kan tó ń kọrin gba owó kiri máa ń yà síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí, èmi náà á gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè pé kó máa lọ. Á rẹ́rìn-ín, á kọjá.

Lánàá, bí mo ṣe gbé ọwọ́ sókè sí i, fóònù mi kú, ṣùgbọ́n orin náà kò dákẹ́. Bàbá ló ń kọ ọ́!

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, "Bàbá Wiryo, ti inú fóònù dùn ju tiyín lọ o!"

Ìyá Sumi dá a lóhùn: "Panu mọ́! Ta ló kọ ti inú fóònù? Òun ló ṣe é nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Gbogbo yín ń pín in kiri, ẹ ò bi í bóyá ó ti jẹun."

Ọwọ́ mi ṣì wà lókè.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ló tọ́ sí ẹni tí orin rẹ̀ ti ń bá mi gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò? Ní tèmi, lọ́la, màá ní kí Ìyá Sumi bu ìrẹsì méjì. Màá san owó orin lọ́tọ̀. Ọwọ́ yẹn kan náà ni màá fi pè é wá jókòó.