Ẹ̀wà Di Èèwọ̀ Nílé Wa

Ìkirè,
Oṣù kọkànlá, 1954.

Làtífù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà l'Ékòó? Iṣẹ́ akọ̀wé ńkọ́, ṣé kò pọ̀ jù fún ọ? Àwa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kòkó so dáadáa, òjò ni kò jẹ́ kó tètè gbẹ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú ara wa.

Inú tó ń run mí láti ọjọ́ yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà kan n'Ìbàdàn. Ó tẹ ikùn mi títí, ó ní kò sí egbò, kò sí aràn, pé ìfun mi kàn máa ń bínú ni. Mo bi í pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní oúnjẹ ni, pé kí n yẹra fún ẹ̀wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n dín ata kù, kí n sì máa jẹun níwọ̀nba lásìkò. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún mi.

Ìwọ náà mọ̀ pé bí nǹkan bá ti di èèwọ̀ baba, ó di tọmọtọmọ nìyẹn. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí ọ lóṣù tó kọjá pé o kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀wà mọ́ nìyẹn. Odindi àpò ẹ̀wà tí Sàlámọ̀tù ìyá rẹ fi ń dín àkàrà l'Ápòmù, mo gbé e fún àwọn ará Wásinmi. Kò bá mi jà, ó kàn da agbada rẹ̀ dé. Láti ọjọ́ náà kò lọ sọ́jà mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Inú mi ti ń san, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Mo bá padà lọ bẹ dókítà pé kó bá wa tú èèwọ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní èmi nìkan lòun bá wí, kí ará ilé máa jẹ ẹ̀wà wọn, pé tó bá yá èmi náà lè máa fi díẹ̀díẹ̀ tọ́ ọ wò. Nítorí náà máa jẹ tìrẹ.

Mo sọ fún ìyá rẹ, ó ní òun ti mọ̀, pé Tíṣà Moses ti ka ìwé dókítà náà fún òun láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní bí àkàrà bá ń ta sánsán nílé, ta ló máa dá mi dúró, pé kí inú mi kọ́kọ́ san ná.

Jọ̀wọ́ fi owó àpò ẹ̀wà kan ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, kí o sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ná an lọ́nà. Oúnjẹ tí o bá jẹ á bá ọ lára mu, ìwọ náà á rí aya tí yóò fẹ́ ọ ju ọjà rẹ̀ lọ. Orúkọ ìyá rẹ ni kí o kọ sí owó náà, má kọ tèmi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàrúbà.