Àpótí Kékeré fún Ẹ̀tù Bàbá

Àtìní, 1 Nọ̀fẹ́ńbà 1909. Kambolé
Bàbá mi tún gbé Gbọọrọ jáde. Ìbọn rẹ̀ ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, ó ga ju Jàríátù ìyàwó mi lọ. Jàríátù ń ti odò bọ̀. Bàbá ní àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń kó èèyàn lẹ́rú ti dé — ó lé lógún ọdún tí a ti rí wọn gbẹ̀yìn. Ó yìnbọn. Ìkòkò omi tó wà lórí ìyàwó mi ló fọ́.

Àtàláátà, 2
Baálẹ̀ ní bí ìbọn bá tún dún láàárín ilé, òun á gbà á, á di ti àwọn Jámánì ní Sokodé. Kí ni n óò wá fi lé ọ̀bọ lóko iṣu? Bàbá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá gba ìbọn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ kú.
Jàríátù náà sọ tirẹ̀: "Bàbá Sèínábù, bí ẹ ò bá rí àpótí tó ní àgádágodo ti ìbọn yẹn mọ́, màá kó àwọn ọmọ lọ sílé wa ní Koussountou." Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. N kò rí ibi yà sí.

Àlàrùba, 3
Mo gbé Gbọọrọ pamọ́ sínú àká. Bàbá rí i kí n tó fọwọ́ tán. Ọdẹ ni, kí ni mo rò?

Jímọ̀, 5. Tchamba
Yàhàyá alágbẹ̀dẹ lè rọ àpótí onírin tó máa gba Gbọọrọ. Iye tó pè é — gbogbo iṣu ọdún yìí, kí àwa máa jẹ èèpo. Mo ní ó kú iṣẹ́, mo bá tèmi lọ.

Àlàádì, 7. Sokodé
Okùn tí mo fi wọn ìbọn nílé, òun ni mo fi ń wọn àpótí kiri ọjà bí wèrè. Àpótí onípákó — Bàbá á fi àáké là á. Ti páànù — ìdajì Gbọọrọ ló máa gbà. Hàrúnà tó ń tà á, ará Hausa, gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá àti ìbọn lẹ́nu mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màlámù, kí lo fẹ́ fi àpótí gígùn ṣe? Ẹ̀tù ni kó o tì mọ́lé. Bí kò bá sí ẹ̀tù, ọ̀pá lásán ló kù lọ́wọ́ bàbá rẹ."
Mo ra èyí tó kéré jù. Abẹ́ apá ni mo fi í sí. Owó rẹ̀ kò dùn mí.

Àlàrùba, 10. Kambolé
Bàbá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo da gbogbo ẹ̀tù inú ìwo rẹ̀ sínú àpótí, mo tì í, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Èyí tó kù, Hàrúnà kọ́ ló kọ́ mi, ẹ̀tàn tèmi ni: mo gún èédú kúnná, mo rọ ọ́ sínú ìwo. Gbọọrọ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Inú Bàbá dùn pé n kò gbé e pamọ́ mọ́, ó ṣàdúà fún mi. Mo ṣe àmín. Ojú tì mí.

Jímọ̀, 12
Àlàáfíà. Jàríátù ti tú ẹrù rẹ̀.

Àtìní, 15
Mo ń ti oko bọ̀ lọ́sàn-án. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kó Sèínábù àti Dàda, àwọn ọmọ mi, sẹ́yìn rẹ̀. Kò dá mi mọ̀. Ó na Gbọọrọ sí mi láyà, ó fà á. Òkúta ìbọn ṣá iná — kò sí nǹkan mìíràn. Ó tún fà á. Àpótí páànù yẹn ló jẹ́ kí n wà láàyè.
Ojú Bàbá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀. Ó wo ìbọn, ó wo àwọn ọmọ. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n dè é. "Èmi ni kí ẹ mú. Ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀."
Mo ní Bàbá, èmi ni, Sàláwù ọmọ yín ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, kò sì gbé ọwọ́ kúrò.

Àlàmísì, 18
Bàbá kò béèrè ìbọn mọ́. Jàríátù ní wàhálà ti tán. Olówó òun ni Bàbá ń pè mí báyìí, bí ẹrú ṣe ń pe ẹni tó rà á. Kí ó tó bu òkèlè, ó ń kọ́kọ́ wojú mi bóyá mo gbà.