"Ẹ Kú Iṣẹ́" Lọ́jọ́ Ìyanṣẹ́lódì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ojú ń tì mí. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo dúró sẹ́nu géètì ilé ìfìwéránṣẹ́ wa láàárọ̀. Mo sọ fún màmá àgbàlagbà kan tó ti Ìrẹsà wá gba lẹ́tà pé, "Ẹ má bínú, mà, a ti yanṣẹ́ lódì. Kò síṣẹ́ lónìí." Wọ́n lọ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń retí mọ́tò.

Láti àná ni fìlà tí mo rà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Èkó, tí wọ́n kọ orúkọ olórin tàkasúfèé tí mo fẹ́ràn sí, ti wà nínú ọ́fíìsì. Mi ò lè mú sùúrù. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ mú un, mo tún dé e jáde. Àgbàlagbà bí tèmi!

Màmá rí mi. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

Mo ti dáhùn pé "Ẹ ṣé, mà" kí n tó rántí pé èmi ni mo ní kò síṣẹ́.