Ọkọ́ Tó Bá Mi Sin Bọ́ǹdù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọkọ́ yín ti délé o. Ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé wa ló gbé e wá lánàá Sátidé, ó fi ewé kókò wé ojú ọkọ́ náà bí ẹni gbé ẹ̀bùn wá. Ó bá àpótí mi nílẹ̀ láàárín yàrá, mo ti dì í tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: mo fẹ́ sá ni.

Ilé ìkàwé kan n'Íbàdàn ti ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Ẹ mọ̀ pé láti kékeré, ibi tí ìwé bá pọ̀ sí ni ọkàn mi máa ń wà. Bọ́ǹdù ló dè mí mọ́ ìlú Tápà yìí. Mo bá ìjọba ṣàdéhùn pé n ó fi ọdún márùn-ún kọ́ àwọn ọmọ wọn, nítorí àwọn ló rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tísà. Mo ti lo mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ka gẹ́gẹ́ bí onídùúró mi. Nígbà tí a sin yín tán, tí ẹkún rọlẹ̀ díẹ̀, èrò burúkú kan wọ̀ mí lọ́kàn: onídùúró ti lọ, ta ni wọn yóò mú? Ẹ forí jì mí. Tápà há mọ́ mi ju bí ẹ ti mọ̀ lọ. Àárọ̀ bí àárọ̀, aago kan náà, A B D kan náà, ìkúnlẹ̀ kan náà níwájú ọ̀gá.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ka, ní ọ́fíìsì káńsù l'Érúwà? Akọ̀wé ń túmọ̀ ìwé náà fún yín, ojú yín ti yí padà kó tó ṣe tán. Ẹ nu yíǹkì àtàǹpàkò yín mọ́ ṣòkòtò, ẹ yára jáde síta. Mo rò pé ebi ló ń pa yín.

Láti ìgbà náà lẹ ti ń wá kí mi ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọ̀sán lẹ máa ń dé, pẹ̀lú iṣu méjì àti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀gá yín ńkọ́? Ṣé ó ń ṣe dáadáa sí ọ?"

N ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú yín á dùn. Ẹ ó tún bi mí pé, "Ó ku mélòó?" N ó dá yín lóhùn láì gbójú kúrò lára ìwé àwọn ọmọ tí mo ń máàkì. Kí n tó mọ̀, ẹ ti sùn lọ lórí àga. Lọ́jọ́ kan mo kanra mọ́ yín nítorí ẹrẹ̀ tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹ ṣí fìlà yín, ẹ fi nù ún.

Oko ọ̀gá lẹ ti ń kọ ebè bọ̀, Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ rò pé mo mọ̀, ó ní:

"A ní kí Bàbá má ṣe wàhálà. Wọ́n ní káwọn ṣe tàwọn, kí ọmọ àwọn lè ráyè sinmi."

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Wọ́n fi yín ṣe ìwọ̀fà lọ́mọdé nítorí owó ìsìnkú bàbá àgbà, ẹ sì kọ ebè olówó yín títí irùngbọ̀n fi hù yín. Nígbà tí ẹ gbọ́ pé ọmọ yín yóò fi ọdún márùn-ún sìn, ẹ gbà pé èmi náà ti di ìwọ̀fà, ọ̀gá sì ni olówó mi. Lẹ bá wá bá mi sìn.

Èmi onísáàtífíkéètì! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mi ò tiẹ̀ bi yín léèrè ohun tó yí ojú yín padà.

Mo ṣí díkíṣọ́nárì lálẹ́ àná, mo wá bọ́ǹdù. Okùn ni. Àdéhùn ni. Bí bíríkìlà ṣe ń to bíríkì kọjá lára ara wọn kí ògiri má baà là, òun náà ni. Ìfẹ́ tó so òbí mọ́ ọmọ, òun náà ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láyé àtijọ́, ẹni tó ni ilé àti oko tirẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, irú wọn di ẹni tó ń sìn lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, orúkọ náà sì bá wọn débẹ̀. Àfi bí ẹni pé Òyìnbó tó kọ ọ́ mọ ẹbí wa.

Ṣé ọ̀gá mọ ohun tó wà lọ́kàn yín? Ọmọ Ìbàràpá ni, ó mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́. Bàbá arúgbó ń wá kọ ebè fún un, kò gba nǹkan kan, ọ̀gá ò sì bi í pé kí ló dé? Ọ̀la ni n ó tún kúnlẹ̀ kí i. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo ti tú àpótí mi. Bí mo bá sá, ebè yín ọdún mẹ́ta di òfo. Ìwé ìjọba ò lè dá mi dúró mọ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ dá mi dúró, inú mi ò sì dùn sí i.

Ọkọ́ yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ara rẹ̀ ti dà sílẹ̀, mi ò nù ún. Mo ti gbé ìwé àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kọjú sí àga yín.

Ó ku ọdún méjì, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kọ ebè fún.