Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Pariwo

Láyí,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni n ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ ní Creekmouth. Dá kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń kùn yẹn padà sí ṣọ́ọ̀bù ní Romford, torí òní ni àyè tí wọ́n fún wa láti dán méjèèjì wò máa parí. Jẹ́ kí èyí tí kò ní fáànù wà nílé. O ti ṣàlàyé fún mi tó pé bí a bá ń gba orin sílẹ̀, máíkì á máa gbọ́ fáànù ti èkejì.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún Túbọ̀sún ọ̀rẹ́ rẹ lórí fóònù láàárọ̀. Tíì rẹ ni mo gbé bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Eléyìí dákẹ́ rọ́rọ́ jàre. Ariwo kan ṣoṣo tó kù nílé yìí ni mọ́mì."

Ẹ̀yin méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Mo gbé tíì náà padà, mo dà á nù.

Ìwọ lo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n gba orin yín sílẹ̀ kó má baà sọnù." Ìdí tí mo fi gbà kí a ra kọ̀ǹpútà nìyẹn. Àgbà ti dé sí mi kí n tó kọ́ ìwé, kí n lè fọwọ́ ara mi kọ orin tí Ẹ̀mí ń fún mi sílẹ̀. Mo ti kó àwọn orin náà dání. Wúrà tó ń darí akọrin wa á fi fóònù rẹ̀ gbà wọ́n sílẹ̀. Lọ́rì á máa kọjá níta, ṣùgbọ́n Wúrà mọ èwo ni ariwo, ó mọ èwo ni orin.

Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò. Rọra ṣí ìdérí rẹ̀, ó máa ń pariwo.

Ìyá rẹ